Ẹ Gbé Sípánà Kúrò Lábẹ́ Síìtì

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n fèsì sí ọ̀rọ̀ kan tó ń jà rànìn ní àdúgbò wa láti ìgbà tí wọ́n ti já ọkọ̀ gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin kan níwájú géètì bàbá rẹ̀. Nínú ìpàdé onílé tó tẹ̀lé e, ohun tí wọ́n fẹnu kò sí ni pé kí oníkálukú wá nǹkan fi sábẹ́ síìtì. Ẹni kan ní àdá, ẹni kan ní ata gígún, ẹnì kẹta ní sípánà táyà. Sípánà ni wọ́n pàtẹ́wọ́ fún. (Ẹni tó ní ata, ẹ bá mi bi í bóyá ó máa kọ́kọ́ pa AC kó tó fọ́n ọn.)

Èmi náà ti jẹ́ onísípánà rí. Ọdún 31 ni mo fi wa ọkọ̀ fún àwọn ọ̀gá káàkiri Èkó kí n tó fẹ̀yìn tì, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sì ká mi mọ́ inú ọkọ̀. Àkọ́kọ́, ọ̀nà Àpápá sí Ọ̀ṣòdì ni, nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ilẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣú. Ọmọkùnrin kan nawọ́ wọlé lójú fèrèsé, ó di kọ́là mi mú, ó ní kí n mú fóònù wá. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fa sípánà yọ. Ẹ wá wò ó: bẹ́lìtì dè mí mọ́ síìtì, ṣítíárìn ń bẹ láyà mi, òrùlé ọkọ̀ kò ju ìka mẹ́rin lọ sí orí mi. Níbo ni mo fẹ́ ti ju apá? Sípánà lu òrùlé, ó padà wá bá mi lórúnkún, ni mo bá ṣubú lé fèrè. Fèrè yẹn ló lé e lọ, kì í ṣe èmi. Sípánà já sábẹ́ bíréèkì, ọkọ̀ ń yí lọ, ẹsẹ̀ mi ń wá ibi tí yóò tẹ̀, mo sì lọ kọ lu dáńfó. Iye tí wọ́n fi tún dáńfó yẹn ṣe ju owó fóònù tí mò ń dáàbò bò lọ.

Ìjókòó dírẹ́bà kì í ṣe ibi ìjà. Ẹni tó wà níta, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, ó sì sábà máa ń ní ẹnì kejì tí ẹ ò tíì rí. Bó bá jẹ́ ìbọn ló mú dání, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Láti ọdún 1970 ni òfin ilẹ̀ wa ti sọ pé ikú ni ìyà ẹni tó bá fi ìbọn jalè. Ọmọdé ni mí nígbà tí wọ́n yìnbọn pa Oyènúsì, ògbólógbòó adigunjalè, ní Bar Beach ní 1971, àwọn àgbà ilé wa sì ní olè tán nílùú. Ẹni tó mọ̀ pé bí ọwọ́ bá tẹ òun, wọ́n á pa òun, kí ni yóò dá a dúró kó má yìn ín fún ẹni tó fa sípánà yọ sí i?

Ohun tó gbà mí lẹ́ẹ̀kejì, àyè ni. Bí ẹ bá dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan, kí ẹ máa rí ibi tí táyà ẹ̀yìn rẹ̀ ti fara kan ọ̀dà. Bí ẹ bá ń rí i, ẹ lè ṣẹ́ ọwọ́ jáde láìfi ẹ̀yìn rìn rárá. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ ti wà nínú páńpẹ́. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá fi àyè sílẹ̀ ní Èkó, kẹ̀kẹ́ Maruwa á wọ ibẹ̀. Ẹ jẹ́ kó wọ̀ ọ́, kí ẹ tún fi òmíràn sílẹ̀. Ní Ọ̀jọ́tà, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án alẹ́, ọ̀kadà kan dúró ti ilẹ̀kùn mi, ẹni tó wà lẹ́yìn bọ́ sílẹ̀, ó fa ọwọ́ ilẹ̀kùn. Mo gbọ́ “kọ́”. Kò ṣí. Jíà ṣì wà ní D, èyí tí a fi ń lọ síwájú. Mo ṣẹ́ ọwọ́ sí ọ̀nà BRT tó jẹ́ ti bọ́ọ̀sì nìkan, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí LASTMA, àwọn tó ń darí ọkọ̀ ní Èkó, bá mú mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ǹ bá dì mọ́ wọn lọ́rùn.

“Kọ́” yẹn ṣe pàtàkì o. Àwọn tòkúnbọ̀ kan wà tó jẹ́ pé bí ẹ bá ti fi jíà sí P, èyí tí a fi ń gúnlẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí fúnra wọn. Ẹ dán tiyín wò lónìí. Bó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀, rẹ́wáyà tó mọṣẹ́ á bá yín yí i padà. Gíláàsì ẹ̀gbẹ́ náà, ẹ máa wé e sókè: bí wọ́n bá gbá a gan-an, ó lè fọ́ wẹ́wẹ́ bí yangan, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi ń gbá a ni ẹ óò fi lọ.

Ní ti géètì, àṣìṣe tí gbogbo wa ń ṣe ni pé a máa ń ki imú ọkọ̀ bọ géètì, a ó wá máa fọn fèrè pe mẹ́gáàdì. Géètì ń bẹ níwájú, àwọn olè á wá fi ọkọ̀ tiwọn dí ẹ̀yìn. Ẹ dúró lójú títì, kí imú ọkọ̀ kọjú sí ibi tí ọ̀nà gbà lọ, títí géètì yóò fi ṣí tán. Bẹ́ẹ̀ náà ni bí wọ́n bá rọra kọ lu báńpà yín ní ibi tó dá. Mo mọ̀ wá: kí a tó ronú, a ti bọ́ sílẹ̀, a ti ń ká apá ẹ̀wù. Ẹ wà á lọ síbi tí iná àti èèyàn wà, kí ẹ jà níbẹ̀.

Bí ìbọn bá wá dé ojú fèrèsé, ẹ fún wọn ní ọkọ̀. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ẹ sọ fún un kí ẹ tó mú ọwọ́ lọ sídìí bẹ́lìtì: “Mo fẹ́ tú bẹ́lìtì.” Ọwọ́ tó bá ṣàdédé wọ ìsàlẹ̀, ìbọn ni yóò rò pé ẹ ń mú. Bó bá jẹ́ ọkọ̀ tí kì í lo kọ́kọ́rọ́ onírin, ẹ fún un ní rìmóòtù, nítorí ọkọ̀ á máa ṣiṣẹ́ lọ títí tí wọ́n á fi pa á, wọn ò sì ní lè tan án mọ́, wọ́n lè padà wá wá yín. Bí ọmọ bá wà lẹ́yìn, ẹ kígbe rẹ̀: “Ọmọ wà lẹ́yìn o!” Ọkọ̀ ni wọ́n ń fẹ́, wọn kì í fẹ́ ẹkún ọmọ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 767 tàbí 112.

Mo fẹ́ sọ èyí nípàdé yẹn, wọ́n ní àsìkò ti lọ. Gílóòbù iwájú géètì tí wọ́n ti já ọkọ̀ gbà náà ti kú láti bí oṣù mẹ́ta. Kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀ nípàdé lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti dá owó sípánà.

Èmi ni tiyín,
Bàbá Ìbejì, Kétu, Èkó