Ká sanwó àyẹ̀wò ká tó sáré lọ ra kiráǹkì sẹ́ńsọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ ríwáyà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn níbí, iná mọ́tò ni mo fi ń jẹun, ohun tó sì jẹ́ kí n kọ lẹ́tà yìí ni pé ó ń dùn mí gan-an bí àwọn onímọ́tò ṣe ń náwó sórí ohun tí ò bàjẹ́, pàápàá tó bá ti di ọ̀rọ̀ àwọn sẹ́ńsọ̀ méjì yìí, ti kiráǹkì (irin tí písítìnnì ń yí nínú ẹ́ńjìnì) àti ti káàmù (irin tó ń ṣí fáàfù). Iṣẹ́ sẹ́ńsọ̀ ni kó máa sọ fún kọ̀ǹpútà mọ́tò bí irin wọ̀nyí ṣe ń yí.

Bó ṣe máa ń lọ nìyí. Mọ́tò á máa lọ dáadáa, á wọ gósílóò, ẹ́ńjìnì á gbóná, ó kàn máa kú ni. Ẹ ó yí kọ́kọ́rọ́, sítáátà á máa yí ẹ́ńjìnì, kò ní sítáàtì. Tó bá tutù díẹ̀, á tún sítáàtì bíi pé nǹkan kan ò ṣe é. Wọ́n á pe mẹkáníìkì, òun náà á tẹ́tí sí ìdí táǹkì, kò ní gbọ́ ohùn pọ́ǹpù, ló bá ní fúẹ́lì pọ́ǹpù ló kú. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o, pọ́ǹpù ò ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lára ọ̀pọ̀ mọ́tò tó ń lo injector, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnì, tẹ́ ẹ bá ṣí kọ́kọ́rọ́, nǹkan bíi ìṣẹ́jú àáyá méjì péré ni bréènì bọ́ọ̀sì, ìyẹn kọ̀ǹpútà mọ́tò, á fi jẹ́ kí pọ́ǹpù ṣiṣẹ́, á sì pa á, àfi tí kiráǹkì sẹ́ńsọ̀ bá sọ fún un pé ẹ́ńjìnì ti ń yí. Tí sẹ́ńsọ̀ yẹn bá dákẹ́, pọ́ǹpù á dákẹ́, iná ò ní wá sí púlọ́ọ̀gì, injector ò ní fọ́n epo. Bẹ́ẹ̀ lèèyàn á ṣe lọ sí Araromi ní Gate, tàbí Ládípọ̀ tó bá jẹ́ ará Èkó ni, á ra pọ́ǹpù, á ra kọ́ìlì, á ra púlọ́ọ̀gì, mọ́tò á ṣì wà níbi tó wà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe. Irin róbótó kan wà lára kiráǹkì tó ní eyín yípo, sẹ́ńsọ̀ ń wo eyín yẹn bó ṣe ń kọjá. Ti Corolla 2003 sí 2008 tó kún ìgboro yìí, eyín 34 ló ní, àyè eyín méjì sì ṣófo, àyè tó ṣófo yẹn ni bréènì bọ́ọ̀sì fi ń mọ ibi tí písítìnnì dé. Àmọ́ kiráǹkì máa ń yí lẹ́ẹ̀mejì kí káàmù tó yí lẹ́ẹ̀kan, torí náà kiráǹkì nìkan ò lè sọ bóyá písítìnnì àkọ́kọ́ ń bọ̀ wá gba iná ni àbí ó ń lé èéfín jáde, káàmù sẹ́ńsọ̀ ló ń sọ ìyẹn. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé tí ti káàmù bá kú, ọ̀pọ̀ mọ́tò ṣì máa sítáàtì lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yí i pẹ́, kò kàn ní fà dáadáa ni, ṣùgbọ́n tí ti kiráǹkì bá kú pátá, èyí tó pọ̀ jù ò ní sítáàtì rárá.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kóòdù. Wọ́n á ki sikánà, ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe tí bréènì bọ́ọ̀sì kọ sílẹ̀, bọ̀ ọ́, á gbé kóòdù P0335 jáde, wọ́n á ní ẹ lọ ra kiráǹkì sẹ́ńsọ̀. Kóòdù yẹn ò sọ bẹ́ẹ̀ o! Ohun tó ń sọ ni pé bréènì bọ́ọ̀sì ò gbọ́ nǹkan gidi láti ojú ọ̀nà yẹn, ó lè jẹ́ wáyà tí eku jẹ, ó lè jẹ́ ọ́ìlì tó wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó lè jẹ́ lẹbulẹbu irin tó lẹ̀ mọ́ orí sẹ́ńsọ̀, ó sì lè jẹ́ sẹ́ńsọ̀ gan-an. P0340 náà nìyẹn fún ti káàmù. Èyí tó wá ń bí mi nínú jù ni P0016, nítorí ohun tó ń sọ ni pé kiráǹkì àti káàmù ò bára mu, táímínì ṣéènì, ìyẹn ṣéènì tó so kiráǹkì pọ̀ mọ́ káàmù, lè ti fà, ó lè ti fo eyín, ọ́ìlì lè ti dọ̀tí tàbí kó ti lọ sílẹ̀ débi pé VVT, ohun tó ń yí àsìkò káàmù padà, ò ṣiṣẹ́ mọ́, àwọn èèyàn á wá ra sẹ́ńsọ̀ méjèèjì, iná check engine á tún padà tàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, sẹ́ńsọ̀ ò ṣẹ̀ níbẹ̀, òótọ́ ló ń sọ.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ẹni tó ń ṣe mọ́tò yín ni pé, nígbà tí sítáátà ń yí ẹ́ńjìnì, RPM mélòó (iye ìgbà tí ẹ́ńjìnì ń yí ní ìṣẹ́jú kan) ló rí lórí sikánà? Tó bá rí bíi 200, kó lọ wo ibòmíì. Tó bá dúró sórí òdo tí ẹ́ńjìnì sì ń yí, ọ̀nà kiráǹkì la máa tọpa. Kó kọ́kọ́ rí i pé bátìrì lágbára o, torí tí ẹ́ńjìnì bá ń yí wọ́ọ́rọ́wọ́, ohun tí sẹ́ńsọ̀ ń sọ lè má dé ọ̀hún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mítà tá a fi ń wọn iná. Ẹ ka wáyà tó wọ sẹ́ńsọ̀. Tó bá jẹ́ méjì, olóòfà ni lọ́pọ̀ ìgbà, òun fúnra ẹ̀ ló ń mú iná díẹ̀ jáde bí eyín ṣe ń kọjá. Ẹ lè wọn ohms ẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó, iye tó yẹ yàtọ̀ láti mọ́tò sí mọ́tò, ẹ wò ó nínú ìwé mọ́tò yẹn, kẹ́ ẹ wá gbé mítà sí AC volts, ti iná tó ń lọ tó ń bọ̀, kí ẹnì kan yí kọ́kọ́rọ́, kò gbọ́dọ̀ dúró sórí òdo. Tó bá jẹ́ wáyà mẹ́ta, irú tí wọ́n ń pè ní Hall ló sábà máa ń jẹ́, tó jẹ́ pé iná gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́ kó tó ṣiṣẹ́, èyí ò ṣeé fi ohms dájọ́, iná tó ń wọ̀ ọ́ ni kẹ́ ẹ wò, 5 volts tàbí 12 volts, ẹ wo ground, ìyẹn wáyà tó lọ sí négétíìfù bátìrì, kẹ́ ẹ wá wo wáyà kẹta bóyá iná ibẹ̀ ń lọ sókè sódò bí ẹ́ńjìnì ṣe ń yí. Tí iná ò bá dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, tẹ́ ẹ bá ra sẹ́ńsọ̀ ogún, kò lè ṣiṣẹ́. Ẹ mi wáyà náà tẹ́ ẹ bá ń wọ̀n ọ́n. Mọ́tò tó sì jẹ́ pé tó bá gbóná ló ń kú, ìgbà tó kú yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, tó bá ti tutù tán, kò sí ohun tẹ́ ẹ máa rí.

Ẹ̀yin onímọ́tò, ẹ má bínú sí mi, ẹ̀bi yín wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lọ sọ́síbítù, ẹ máa sanwó tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ kí dókítà tó kọ oògùn. Tá a bá wá fi ọwọ́ wa yẹ mọ́tò yín wò láti àárọ̀ dọ̀sán, tá a ní wáyà kan ló já, tá a so ó, ẹ ẹ́ ní ṣé torí wáyà kan ṣoṣo lẹ ṣe máa sanwó tó tó yẹn. Ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ta pọ́ǹpù fún yín, ẹ ẹ́ san án láìjiyàn torí pé ẹ rí nǹkan gbé dání. Bẹ́ẹ̀ ni mẹkáníìkì ṣe kọ́ ọ pé pààtì lówó wà, kò sówó nínú àyẹ̀wò. Kó tó bẹ̀rẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bá a dá iye àyẹ̀wò, kẹ́ ẹ sì ní kó fi ohun tí mítà sọ hàn yín.

Ẹ̀yin ọ̀gá náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ mọ mítà lò kó tó gba fúrídọ̀ọ̀mù.

Ọ̀rọ̀ yìí ju owó lọ. Mọ́tò tó kú lójú eré lórí ẹsipírẹ́ẹ̀sì Èkó sí Ìbàdàn, sitíárìn á le, búrékì náà á le lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tírélà sì wà lẹ́yìn yín. Tírú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀, ẹ tan hásáàdì, ẹ tẹ búrékì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kẹ́ ẹ dì í mú, ẹ má máa tẹ̀ ẹ́ tú u, ẹ rọra kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, gbogbo èrò inú ọkọ̀ kí wọ́n sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n kúrò létí títì.

Olóòtú, tẹ́ ẹ bá lè máa fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́ láàyè díẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yín láti máa sọ irú èyí lédè wa, inú mi á dùn, mo ṣe tán láti kọ ti bátìrì àti ọ́táníétọ̀ ránṣẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ríwáyà kan láti Ìbàdàn