Ẹ Yẹ Wáyà Nútírà Wò Kí Ẹ Tó Bú Ẹni Tó Ta Gílóòbù

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ̀rọ̀ lórí gílóòbù tó ń tètè jó, nítorí owó kékeré kọ́ ni ọ̀pọ̀ ìdílé ń ná lé e lórí.

Iṣẹ́ iná ni mo ń ṣe ní Ìbàdàn, ohun tí àwọn oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ sọ fún mi ni pé ayédèrú ló kún ọjà. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀, pàápàá nínú àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú tí kò lè gba ooru mọ́ra. Ṣùgbọ́n bí gílóòbù oríṣiríṣi bá ń jó léraléra nínú ilé kan náà, kì í ṣe ọlọ́jà ló yẹ ká lọ bá jà.

Ohun tí mo máa ń béèrè ni pé, ṣé ojú kan ṣoṣo ló ń jó ni, àbí gbogbo ilé? Bó bá jẹ́ ojú kan, họ́dà ni mo máa ń tú wò, lẹ́yìn tí mo bá ti pa iná pátápátá. Nínú họ́dà tí a máa ń ti gílóòbù bọ̀ kí a tó yí i, irin kékeré méjì ló wà níbẹ̀ tí sípíríǹgì ń tì síwájú kí wọ́n lè kan òjé méjì tó wà nídìí gílóòbù dáadáa. Bí sípíríǹgì náà bá ti rọ̀, iná yóò máa ta pàrà láàárín wọn, ooru yóò sì mú un. Ẹ dojú gílóòbù tó jó dé kí ẹ wo ìdí rẹ̀: bí òjé náà bá ti dúdú, tó sì ní ihò wẹ́wẹ́ bí àgbàdo tí kòkòrò jẹ, họ́dà ni kí ẹ pààrọ̀. Bó bá jẹ́ pé inú ìgò tó dé pinpin ni ẹ fi gílóòbù LED sí, ooru tí kò rí ọ̀nà jáde nìkan tó láti pa á.

Bó bá wá jẹ́ gbogbo ilé, fóòtì, ìyẹn bí agbára tó ń ti iná wọlé ṣe pọ̀ tó, ni ká wọ̀n. 220 sí 240 fóòtì ni wọ́n sábà máa ń kọ sára gílóòbù. Ní ti gílóòbù àtijọ́ onírin tín-ín-rín, bí fóòtì bá fi ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ju bó ṣe yẹ lọ nígbà gbogbo, bí ìdajì ọjọ́ ayé rẹ̀ ló ti lọ yẹn. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n yí kó máa sáré jù náà ń ṣe irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀.

Èyí tí kì í jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀ jù ni ti nútírà, ìyẹn wáyà tí iná ń gbà padà sí ìdí tíráńsúfọ́mà. Fésì mẹ́ta, ìyẹn àwọn wáyà tó ń gbé iná wá, ló ń ti ara tíráńsúfọ́mà wá sí àdúgbò, nútírà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn sì jọ ń lò. Láàárín fésì kan àti nútírà, nǹkan bí 230 fóòtì ni. Láàárín fésì kan àti èkejì, ó tó 400. Bí ibi tí wọ́n ti so nútírà lórí òpó bá tú tàbí tó dípẹtà, fóòtì yóò ga lọ́dọ̀ àwọn tó wà lórí fésì tí a kò lò púpọ̀, yóò sì lọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn yòókù. Bí aládùúgbò yín bá ki áyọ́ọ̀nù bọ iná, tí gílóòbù tiyín sì mọ́lẹ̀ yòò lójijì, ẹ fura sí nútírà. Fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n ló máa ń tẹ̀ lé gílóòbù.

Àwa ará àdúgbò náà ń dá kún un. Bí fésì kan bá ti rẹlẹ̀, gbogbo wa á yọ fíùsì, a ó sì rọ́ lọ sórí èyí tó dára. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ẹrù náà kò ní dọ́gba mọ́, nútírà ni yóò sì gbé àṣẹ́kù, títí ibi tí wọ́n ti so ó yóò fi gbóná tí yóò sì tú. Mo bẹ àwọn ẹgbẹ́ onílé pé kí wọ́n fòpin sí àṣà yìí, kí wọ́n sì ní kí oníṣẹ́ iná máa wọn fóòtì fésì kọ̀ọ̀kan láàárọ̀ àti lálẹ́, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń pín iná náà gbọ́dọ̀ dẹ́kun dídá àwọn aráàlú lóhùn pé kí wọ́n lọ ra gílóòbù tó dára. Nígbà tí ẹjọ́ irú èyí bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kí wọ́n gun òpó, kí wọ́n yẹ gbogbo ibi tí wọ́n ti so nútírà wò títí dé ìdí tíráńsúfọ́mà, kí wọ́n sì pín àwọn ilé sórí fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bó ṣe yẹ. Òṣìṣẹ́ wọn nìkan ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun òpó fúnra rẹ̀. Kí wọ́n tó dé, bí iná ilé yín bá ṣàdédé mọ́lẹ̀ kọjá àlà, ẹ sáré pa á láti ìdí mítà, kí ẹ má sì tàn án padà títí wọn yóò fi wọn fóòtì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníṣẹ́ iná kan, Ìbàdàn.