Orúkọ Tí Wọ́n Fi Báírò Pa Rẹ́: Lẹ́tà sí Ọ̀rẹ́ Mi ní Tulsa, Amẹ́ríkà

Òkè-Àrò,
Àkúrẹ́,
Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Sìdíkátù ọ̀rẹ́ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àti àwọn ọmọ. Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Mo yà kí màmá ní Ìsìnkàn lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé oògùn ojú tí o fi ránṣẹ́ ti dé, àwọn sì ti ń lò ó.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi jókòó kọ̀wé, mi ò lè sọ ọ́ lórí fóònù kí ohùn mi má yí padà. Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó lọ́kọ sí Ìkàrẹ́. O mọ ọmọ náà. Òun ni ọmọ kékeré tó sùn lé ọ lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tí mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ó ti dàgbà o. Ó ti jáde ní Pólì Ọ̀wọ̀, iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì ló kọ́ níbẹ̀, ó sì ti sin ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tán. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé báyìí tó ń wá iṣẹ́. Mùsùlùmí ni bíi bàbá rẹ̀, híjáàbù kì í sì í kúrò lórí rẹ̀ tó bá ti jáde nílé. Èmi ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mo ń rán an fún un.

Òtẹ́ẹ̀lì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ní apá Alágbàká, èmi ni wọ́n sì gbé yúnífọ́ọ̀mù àwọn òṣìṣẹ́ wọn fún. Ọmọ náà ti kọ̀wé sí wọn kí iṣẹ́ aṣọ náà tó bọ́ sí mi lọ́wọ́, kò sì dárúkọ mi fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó ṣe íntáfíù, ó yege, wọ́n ní risépṣọ̀n ni yóò ti máa ṣiṣẹ́. Nígbà tí máníjà mú ìwé orúkọ àwọn tí mo máa wọ̀n wá, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo fi téèpù wọ̀n ọ́n bí mo ṣe wọn àwọn yòókù, mo kọ ọ́ síwájú orúkọ rẹ̀: èjìká, àyà, ìdí, gígùn apá. Tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gé.

Kò pẹ́ tí ọ̀gá tó ni òtẹ́ẹ̀lì fi ti Àbújá dé, ó ní kí wọ́n kó fọ́tò àwọn tí wọ́n gbà wá kí òun wò ó. Ó di ọjọ́ kejì, máníjà mú ìwé náà padà wá fún mi. Wọ́n ti fi báírò fa ìlà gba orí orúkọ ọmọ yìí kọjá. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, “Màdáámù, ọ̀rọ̀ ìrísí ni. Ọ̀gá ní ẹni tí àlejò máa kọ́kọ́ rí gbọ́dọ̀ bá ìrísí ilé iṣẹ́ mu.” Mo ní irú ìrísí wo nìyẹn? Kò sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ọwọ́ yí orí ara rẹ̀ ká, láti etí kan dé èkejì.

Mo ní, “Ẹ gbọ́, sà. Aṣọ tí ẹ rà máa ṣẹ́kù. Mo lè fi èyí tó bá ṣẹ́kù rán híjáàbù fún un, àwọ̀ kan náà, màá sì fi okùn aláwọ̀ wúrà tí ẹ ní kí n fi sí ọrùn ẹ̀wù àwọn yòókù sí etí rẹ̀. Bí aṣọ yẹn bá nípọn jù fún orí, màá lọ sí Ọjà Ọba, màá wá èyí tó fẹ́lẹ́ tó bá a mu. Mi ò ní gba kọ́bọ̀.” Sìdíkátù, ó ní òun alára ò rí ohun tó burú níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ti sọ̀rọ̀. Ó ní kí n má bínú. Kò mọ̀ pé ọmọ mi ni.

“A máa pè ọ́,” ohun tí wọ́n sọ fún ọmọ náà nìyẹn. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ sínú, wọ́n tu itọ́ funfun jáde. Ó sì ń gbé fóònù rẹ̀ kiri inú ilé, ó ń gbé e lọ sí kíṣìnì, títí mo fi jókòó tì í tí mo sọ bó ṣe rí fún un.

Ohun tó dùn mí jù ni pé wọn ò bi í léèrè. Ní gbogbo ìgbà tó wà níwájú wọn, híjáàbù wà lórí rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ pé, “Ṣé o lè wọ èyí tó bá aṣọ wa mu?” Ká ní wọ́n bi í ni, ì bá ní bẹ́ẹ̀ ni, torí kò sí ohun tí ẹ̀sìn rẹ̀ sọ nípa àwọ̀ búlúù tí yúnífọ́ọ̀mù wọn jẹ́. Àwọn àwòrán ńláńlá wà lára ògiri risépṣọ̀n yẹn náà, mo rí wọn nígbà tí mo lọ kó aṣọ: obìnrin arẹwà tó wé gèlè gíga, tó bo irun rẹ̀ pátápátá. Àlejò ò ní sá fún ìyẹn. Nítorí náà kì í ṣe pé obìnrin bo orí ló ń bí ọ̀gá náà nínú. Ìdí tó fi bò ó ni.

Mo mọ ibi tí agbanisíṣẹ́ ti ní ẹ̀tọ́. Kò yẹ kí aṣọ tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ wà nídìí iná gáàsì tàbí ìdí ẹ̀rọ tó ń yí. Èmi náà ò jẹ́ kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi da ìborùn sílẹ̀ nídìí máṣíìnì, Mùsùlùmí ni o, Kìrìsìtẹ́nì ni o. Ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ ní kí wọ́n kì í bọ inú ẹ̀wù, ẹ ní kó jẹ́ èyí tó mọ́ orí tí kò ní pín-ìn-nì. Ẹ lè yan àwọ̀, ẹ lè ní kó mọ́ kó sì gún régé. Gbogbo ìyẹn, aránṣọ lè bá yín ṣe é kí ilẹ̀ tó ṣú. Àmọ́ nídìí kọ̀ǹpútà ní risépṣọ̀n, ewu wo ló wà níbẹ̀?

Lọ́yà kan wà tó máa ń rán aṣọ kóòtù lọ́dọ̀ mi. Òun ni mo kó ẹjọ́ rò fún, òun ló sì jẹ́ kí n mọ̀ pé ìlú tí ìwọ wà yẹn gan-an ni ẹjọ́ kan tó jọ èyí ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o ti gbọ́ nípa Samantha Elauf? Ọdún 2008 ni, ọmọ ọdún 17 ni nígbà náà. Ó wá iṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù aṣọ Abercrombie & Fitch kan ní Tulsa, ó wé ìborí dúdú lọ síbi íntáfíù. Ẹni tó fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò fún un ní máàkì tó fi yẹ kí wọ́n gbà á. Ó wá pe ọ̀gá rẹ̀ lórí ìborí náà, ó sì sọ fún un pé òun gbà pé torí ẹ̀sìn ni ọmọ náà ṣe wé e. Ọ̀gá ní kí wọ́n má gbà á, pé òfin ìrísí ilé iṣẹ́ àwọn kò fàyè gba ohunkóhun lórí. Nígbà tí wọ́n dé kóòtù, ilé iṣẹ́ náà ní ọmọ náà kò sọ fún àwọn pé torí ẹ̀sìn ni, kò sì bẹ àwọn kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún òun.

Ìgbìmọ̀ ara ìlú tó gbọ́ ẹjọ́ náà ní Tulsa ní kí wọ́n san 20,000 dọ́là fún un. Kóòtù kòtẹ́milọ́rùn da ìyẹn nù. Ó wá dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ti Amẹ́ríkà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹfà ọdún 2015, 8 nínú adájọ́ 9 gbè é lẹ́yìn. Antonin Scalia ló kọ ìdájọ́ náà. Lọ́yà ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí: yálà ó dá agbanisíṣẹ́ lójú tàbí kò dá a lójú pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ni, kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn lé ẹni tó ń wá iṣẹ́. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni òfin ń wò. Nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn, ọwọ́ tí máníjà fi yí orí rẹ̀ ká ni mo rántí. Ó ti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn láìla ẹnu.

Nílé wa níbí ńkọ́? Abala 38 nínú ìwé òfin 1999 fún olúkúlùkù lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹ̀sìn rẹ̀ hàn, ní gbangba àti ní kọ̀rọ̀. Abala 42 sì ní kí wọ́n má fi ẹ̀sìn ya ẹnikẹ́ni sọ́tọ̀, ṣùgbọ́n lọ́yà ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́, òfin àti ìjọba ló dojú kọ, ibẹ̀ ni àwọn aládàáni ti máa ń yọ́ gbà. Ohun tó ní ká dì mú ni abala 254C, tí wọ́n fi kún un nígbà àtúnṣe kẹta lọ́dún 2010. Ó gbé ọ̀rọ̀ ìyàsọ́tọ̀ níbi iṣẹ́ fún Kóòtù Ilé Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè, Kóòtù yẹn sì ní ẹ̀ka ní Àkúrẹ́ níbí. Lọ́yà tún rán mi létí Firdaus Amasa, ọmọ tí wọ́n kọ̀ láti pè wọ ẹgbẹ́ lọ́yà ní Àbújá ní oṣù kejìlá ọdún 2017 torí híjáàbù tó wà lábẹ́ wíìgì rẹ̀. Ní oṣù keje ọdún 2018, wọ́n pè é, híjáàbù lórí rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá pàápàá, ní 2022, gbà kí obìnrin wé ìborí sábẹ́ fìlà wọn. Bí ọlọ́pàá bá lè wé e mú olè, kí ni kò ní jẹ́ kí ọmọ mi wé e fún àlejò ní kọ́kọ́rọ́ yàrá?

Má sì rò pé ẹ̀yin Mùsùlùmí nìkan ló ń jẹ ìyà yìí. Mo mọ arábìnrin kan tí ìjọ rẹ̀ kì í lo yẹtí, tí wọ́n sọ fún níbi iṣẹ́ pé ojú rẹ̀ “ṣófo jù.” Oníṣẹ̀ṣe tó fi ìdè Ifá sọ́wọ́ ńkọ́, ta ló máa gbà á sí báǹkì? Kálukú wọn ń bọ́ ohun tó gbà gbọ́ sínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà kó lè jẹun. Ó ń dùn mí gan-an ni.

Mo rán yúnífọ́ọ̀mù àwọn yòókù tán, torí mo ti gba àsansílẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ àwọn ọmọ yẹn kọ́. Ìwé orúkọ tí wọ́n fa ìlà sí wà lọ́wọ́ mi, mo ti tọ́jú rẹ̀. Lọ́yà ní òun á bá wa kọ lẹ́tà sí wọn láìgbowó. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká fi í fún Ọlọ́run, pé Àkúrẹ́ kékeré, àwọn òtẹ́ẹ̀lì yòókù á gbọ́, wọn ò ní gbà á. Ọmọ náà kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Èmi fẹ́ kó jà, àmọ́ mi ò ní tì í, torí òun ló máa jókòó ní kóòtù.

Ìdí nìyí tí mo fi nílò rẹ. Ìwọ tí o ń wé híjáàbù lọ síbi iṣẹ́ láàárín àwọn òyìnbó, jọ̀ọ́, pè é. Sọ bí o ṣe gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú àwọn ọ̀gá rẹ nígbà tí o bẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ, àti ohun tí o ṣe nígbà tí kò rọrùn. Tiwa tó ti pọ̀ létí rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ni mo kọ sí ẹ̀yìn lẹ́tà yìí. Ọ̀sán Àìkú ló dáa jù, ilé ló máa ń wà. Bó o bá sì rí àyè, kọ èsì sí èmi náà, kí o fi fọ́tò àwọn ọmọ sínú rẹ̀.

Ó dàárọ̀ o. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ yín níbẹ̀.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fọlákẹ́