Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí Fífi Ọwọ́ Wọn Ìfúnpá Ẹ̀jẹ̀

A ń kéde fún gbogbo ẹ̀yin nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera inú ẹgbẹ́ wa pé ní Sátidé tó ń bọ̀, ní aago 10 òwúrọ̀, a ó péjọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé wa láti kọ́ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ láìlo ẹ̀rọ tó ń ka iye fúnra rẹ̀. Apá àtọwọ́dá ni a ó lò: olùkọ́ á ti yan iye ìfúnpá sínú rẹ̀, òun nìkan ló sì máa mọ̀ ọ́n, nítorí náà ohun tí etí yín bá gbọ́ nìkan ni ẹ lè kọ sílẹ̀.

Ní wọ́ọ̀dù kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àkọsílẹ̀ ló ń parí sí òdo, 120/80 níbí, 130/90 lọ́hùn-ún, bíi pé ṣe ni wọ́n ń fojú bu iye náà dípò kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n gbọ́ gan-an. Ó dùn mí gan-an, torí pé iye wọ̀nyí ni a fi ń pinnu oògùn.

Ìgbà tí a bá ń tú afẹ́fẹ́ inú ọ̀já tí a wé mọ́ apá sílẹ̀ ni ọwọ́ wa sábà máa ń yá jù. Nǹkan bí 2 mmHg (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka ìfúnpá) ní ìṣẹ́jú àáyá kan ló yẹ kó máa fi wálẹ̀. Bó bá sáré jù bẹ́ẹ̀, ìró àkọ́kọ́, èyí tí dókítà ará Rọ́ṣíà, Nikolai Korotkoff, ṣàlàyé ní 1905, lè kọjá kí a tó kíyè sí i, iye ti òkè á sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Bákan náà, ọ̀já tó bá kéré fún apá aláìsàn máa ń gbé iye náà ga ju òtítọ́ lọ.

Kí kálukú mú ẹ̀rọ tó fi ń gbọ́ àyà wá, kí orúkọ yín sì dé ọwọ́ mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́