Àṣàkẹ́, kásẹ́ẹ̀tì yẹn ńkọ́?

Ìtòkò, Abẹ́òkúta

Àṣàkẹ́ ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé òtútù Glasgow kò tíì gbé ọ lọ? Ìwọ tó jẹ́ pé ọyẹ́ ilé lásán, ṣùẹ́tà méjì lo máa ń wọ̀ lọ sí Kútọ̀. Ìyàwó Káyọ̀dé ti bí ọkùnrin, epo tún ti wọ́n, alákàrà wa ti kó lọ sí Láfẹ́nwá.

Ọ̀rọ̀ giramafóònù Bàbá Àgbà ló jẹ́ kí n kọ̀wé. Àbúrò mi tó gbọ́n jù wá lọ mú oníbàárà wá láti Èkó, ó fẹ́ tà á tòun ti àpótí àwo. Mo jókòó lé àpótí náà títí ọkùnrin yẹn fi lọ. Máa rẹ́rìn-ín!

Àwo dúdú tó wúwo yẹn mà ni, tó ń yí nígbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Oje tí kòkòrò ń sun sára igi ní Íńdíà wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe é. Tó bá já bọ́, ó fọ́ nìyẹn. Irú rẹ̀ ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti tiwa níbí kọrin sí ní London ní 1922, orin tó lé ní 40. Wọn ò tíì máa fi maikirofóònù gbohùn sáwo nígbà náà, àfi nígbà tó di 1925. Ẹnu ìwo ńlá ni olórin ń kọrin sí, agbára ohùn rẹ̀ ló sì ń ti abẹ́rẹ́ tó ń fa ìlà sára ìda. Ká ní ìwọ ni, ìwo yẹn á ti ya.

Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti Scott, ará Faransé. Ní 1857, ogún ọdún ṣáájú kí Edison ará Amẹ́ríkà tó ṣe ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń sọ ọ́ jáde, ó ṣe ẹ̀rọ tó ń kọ ohùn sára ìwé tí wọ́n fi èéfín fìtílà kùn. Àmọ́ kíkọ nìkan ló mọ̀, kò lè sọ ọ́ jáde. Orin tó kọ sílẹ̀ ní 1860, 2008 ni àwọn ará Amẹ́ríkà tó fi kọ̀ǹpútà gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọbìnrin ló ń kọrin. Àṣé wọ́n ti jẹ́ kó yára jù. Ohùn ọkùnrin ni, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ Scott fúnra rẹ̀.

Bí Màámi ṣe rí báyìí nìyẹn. Ó wà nínú wọn, kò jáde mọ́. Níbi ìkómọ Káyọ̀dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ oríkì ilé wa, wọ́n dé àárín, wọ́n dákẹ́, wọ́n ní kí n bu omi wá. Àwọn àlejò rò pé òùngbẹ ni. Wọ́n tún fi orúkọ ìyá wọn pè mí. Mo ní tó bá jẹ́ èmi ni ìyá wọn, kí wọ́n yáa wá kúnlẹ̀ kí mi.

Kásẹ́ẹ̀tì ìgbéyàwó mi tó wà lọ́wọ́ rẹ ńkọ́? Lójú kejì, lẹ́yìn tí àwọn onílù jẹun tán, Màámi ki ilé wa látòkè délẹ̀. Jọ̀ọ́, má kì í bọ rédíò àtijọ́ kankan o. O rántí èyí tó jẹ kásẹ́ẹ̀tì wa, tí a ń fi bíró yí i títí ilẹ̀ fi ṣú. Ìyẹ̀fun irin tó dípẹtà ló gba ohùn dúró lára téèpù, tó bá sì ti gbó, ó lè máa ṣí. Wá ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà, kó o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Èmi ni máa sanwó rẹ̀. Tó o bá sì pe Màámi, má jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo bi ọ́.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Wọ́n ní bùbá tó o fi ránṣẹ́ kò gbà wọ́n, àmọ́ àwọn ò ní dá a padà.

Èmi ni,
Bọ́lá