Má Ra Ìbéèrè Ìdánwò CCNA

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo ti ka ohun tí o kọ ránṣẹ́. O ní ọ̀rẹ́ rẹ kan ra ìbéèrè tó jò síta nínú ìdánwò CCNA, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ilé-iṣẹ́ Cisco ń fúnni, ó há a sórí, ó sì yege. O wá ń bi mí bóyá kí ìwọ náà gba ọ̀nà yẹn. Rárá o. Bí ẹnìkan bá ní òun yóò dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ là ń wò. Bi ọ̀rẹ́ rẹ léèrè pé kí ló máa ń fà á tí kọ̀ǹpútà kan á fi gbé àdírẹ́sì (nọ́ńbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀) tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 169.254, kí o sì máa wo ojú rẹ̀.

Ẹni tó mọṣẹ́ á dá ọ lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé kọ̀ǹpútà náà ké pe DHCP, ètò tó ń pín àdírẹ́sì fún ẹ̀rọ, títí, kò rẹ́ni jẹ́ ẹ, ló bá fún ara rẹ̀ ní àdírẹ́sì. Kò ní dúró síbẹ̀, á tún máa bi ọ́. Ṣé wáyà náà wọlé dáadáa? VLAN wo, ìyẹn ìpín nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo, ni wọ́n fi ojú ibi tí wáyà náà wọ̀ lára switch (ẹ̀rọ tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀) sí? Bí server tó ń pín àdírẹ́sì bá wà ní subnet (abala nẹ́tíwọ́ọ̀kì) mìíràn, ṣé ráútà, ẹ̀rọ tó ń so àwọn abala wọ̀nyí pọ̀, ń bá wọn gbé ìbéèrè DHCP kọjá? Irú ìbéèrè báyìí gan-an ni iṣẹ́ wa. Àwọn tó máa fọ̀rọ̀ wá ọ lẹ́nu wò kò ní to A, B, C, D síwájú rẹ kí o máa mú èyí tó wù ọ́.

Cisco náà sì ti fòfin de lílo ìbéèrè tó jò síta. Bí wọ́n bá ká a mọ́ ọ lọ́wọ́, wọ́n lè gba ìwé ẹ̀rí náà padà, kí wọ́n sì ní o ò gbọdọ̀ jókòó sí ìdánwò wọn mọ́.

Ìdánwò tó wà níwájú rẹ, 200-301 ni nọ́ńbà rẹ̀, ó sì ti wà láti oṣù kejì ọdún 2020. Ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n fún ọ. Bí o bá ti kúrò lórí ìbéèrè kan, kò sí pé ò ń padà lọ tún un wò, nítorí náà ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ yá. Ọ̀rọ̀ bí ráútà ṣe ń mọ ọ̀nà ló kó máàkì jù níbẹ̀, 25 nínú 100. Ti ààbò jẹ́ 15, ti automation (kí ètò kọ̀ǹpútà máa bá wa ṣe iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì) kò ju 10 lọ. Mo rí i pé automation yìí lò ń wo fídíò rẹ̀ ṣáá. Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ fi í sẹ́yìn ná.

Subnet ni kí o kọ́kọ́ gbájú mọ́. Mú 192.168.10.130/26. Bit 32 ni àdírẹ́sì IPv4 bí irú èyí; òdo tàbí oókan ni bit kọ̀ọ̀kan. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá mú 26, ó ku 6 fún àwọn ẹ̀rọ, 6 yẹn ló sì ń bí àdírẹ́sì 64. Nípa bẹ́ẹ̀, ibi tí subnet kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀ ni 0, 64, 128 àti 192. Inú èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti 128 ni 130 bọ́ sí. 128 fúnra rẹ̀ ni àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, 191 ni broadcast (èyí tí a fi ń bá gbogbo ẹ̀rọ ibẹ̀ sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà), 129 dé 190 ló sì ṣẹ́ kù fún ẹ̀rọ: 62 péré. Ìwé àti bírò ni kí o máa fi ṣe é, má fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìṣirò, títí yóò fi di ohun tí o lè ṣe bí ẹni ń ka ABD.

Packet Tracer, ètò Cisco tí a fi ń to nẹ́tíwọ́ọ̀kì ìdánrawò lórí kọ̀ǹpútà, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún ọ. To VLAN síbẹ̀, to OSPF (ètò tí àwọn ráútà fi ń sọ ọ̀nà fún ara wọn), kọ ACL (òfin ohun tó lè kọjá àti ohun tí kò lè kọjá). ACL yìí ń dójú ti àgbà, nítorí pé ohunkóhun tí o kò bá dárúkọ rẹ̀ pé kó kọjá, á dí i lọ́nà ní ìparí láìsọ fún ọ. Bí nǹkan ò bá ṣiṣẹ́, má sáré pa gbogbo rẹ̀ rẹ́. Tẹ show ip route, àṣẹ tó ń fi àwọn ọ̀nà tí ráútà mọ̀ hàn, kí o fara balẹ̀ kà á.

Òótọ́ ni pé wọn kì í béèrè CCNA mọ́ kí wọ́n tó jẹ́ kí èèyàn ṣe CCNP, ìwé ẹ̀rí Cisco tó ga jù ú lọ. Síbẹ̀, má fò ó. CCIE tó ò ń dárúkọ, èyí tó tún ga ju CCNP lọ, ìdánwò àfọwọ́ṣe wákàtí 8 wà nínú rẹ̀; jẹ́ kó dúró dè ọ́ ná. Bí o bá gba CCNA, ọdún 3 ló máa lò. Kó tó parí, o lè tún ìdánwò ṣe tàbí kí o kó máàkì ẹ̀kọ́ 30 jọ láti sọ ọ́ dọ̀tun.

Má tíì san owó ìdánwò. To nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan tó ní ráútà méjì, VLAN méjì àti OSPF, kí o fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Màá bà á jẹ́ níbi mélòó kan, mi ò sì ní sọ ibi tí mo fọwọ́ kàn. Bí o bá tún un ṣe tán, kọ ohun tó bàjẹ́ àti bí o ṣe mọ̀ ọ́n sínú ìwé fún mi, ká wá jọ mú ọjọ́ ìdánwò.

Èmi ni,
Ìyá rẹ