Àjọkẹ́, bá mi dá sí ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ

Alágbàka, Àkúrẹ́.

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa ni? Òtútù Jámánì ńkọ́? Ọ̀nà Ọba Adésídà ṣì há bí o ṣe fi í sílẹ̀, màámi ní kí n bá àwọn dúpẹ́ aṣọ, ẹni tó máa ń mú ọ lọ jẹun ní FUTA nígbà yẹn sì ti gbéyàwó. Pẹ̀lẹ́ o.

Àbúrò rẹ ni mo tìtorí ẹ̀ kọ̀wé. Má jáyà, ara rẹ̀ le. Ọmọ náà mọṣẹ́, àmọ́ ó ń kọ kóòdù bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Tab ló fi ń ti ìlà wọlé lókè, space nísàlẹ̀. Mo fi PEP 8 hàn án, ìlànà ìkọ̀wé tí àwọn tó ni Python, èdè tí a fi ń kọ kóòdù wa, ti là kalẹ̀ láti 2001: space mẹ́rin la fi ń ti ìlà wọlé, kí ìlà kan má ju lẹ́tà 79 lọ. Ó ní ojú kọ̀ǹpútà òun fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ! Mo bá gbé Black sí i, irinṣẹ́ tó ń to kóòdù, kó máa bá wa tò ó fúnra rẹ̀. Ìyẹn gba 88, ìjà ìyẹn parí.

Ti test, kóòdù tí a fi ń yẹ kóòdù wò, ni kò parí. Owó àwọn àgbẹ̀ kòkó alájẹṣẹ́kù yẹn náà la ṣì ń ṣírò. Kọ́bọ̀ ni mo ní ká máa fi kà á, ní odidi, torí bí o bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, 0.30000000000000004 ló máa sọ fún ọ. Òun lo float, nọ́ńbà tó ní ojú àmì ìdá bíi 0.1 yẹn. Test mi pupa, ìyẹn ni pé ó rí àṣìṣe, bó ṣe yẹ. Nígbà tó di Mọ́ńdé, gbogbo rẹ̀ ti di àwọ̀ ewé. Inú mi dùn, mo ṣí fáìlì náà:

@pytest.mark.skip(reason="ó ń yọ mí lẹ́nu")

Ó ní kí pytest, irinṣẹ́ tó ń bá wa ṣe test, fò ó kọjá! Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Àwọn test tirẹ̀ ńkọ́? Ó sọ fáìlì wọn ní yewo.py. O sì mọ̀ pé bí test_ ò bá ṣáájú orúkọ fáìlì, tí _test ò sì kẹ́yìn rẹ̀, pytest ò ní yà síbẹ̀. Ọ̀gá ní tiwọn ń yìn ín pé ọwọ́ rẹ̀ yá, pé èmi ni mò ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Mi ò fèsì. Ìparí oṣù yìí la máa kó o fún àwọn àgbẹ̀ náà, oorun ò sì kùn mí.

Jọ̀ọ́, pè é. Ohùn rẹ ló ń gbọ́. Má dárúkọ mi o! Bó bá bi ọ́ bí o ṣe mọ̀, ní o rí i fúnra rẹ nínú Git, ibi tí a ń kó kóòdù pamọ́ sí. Orúkọ rẹ ṣì wà lára àwọn tó lè wọlé síbẹ̀, mi ò yọ ọ́.

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ